Aago Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá Mi

Mo máa ń bínú. Kí n kúkú tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ìyàwó mi ní bí mo bá ń wọ bàtà láàárọ̀, bàtà gan-an máa ń bẹ̀ mí. Nígbà tí bàbá mi sọnù, mo kó gbogbo ìbínú náà bọ́ sígboro. Mo bínú sí àwọn ará àdúgbò tí wọn ò rí i. Mo bínú sí ọlọ́pàá tó ní kí n jókòó kí n fara balẹ̀. Mo bínú sí òjò. Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò bínú sí ni ẹni tó jẹ̀bi, nítorí èmi ni.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Kì í ṣe èmi ni mò ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ìwé jáde, ọkùnrin kan wà nídìí ìyẹn ní yàrá ìsàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń to iṣẹ́ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lókè: pósítà, káàdì, kàlẹ́ńdà, fọ́tò tó nílò àtúnṣe. Ọdún kejìlélógún rèé. Nítorí pé mo máa ń rí àṣìṣe tí ẹlòmíì ò rí, wọ́n ń pè mí ní Ojú Àwòdì níbi iṣẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ fún un.

Bàbá mi ní tirẹ̀, aláago ni. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ènìyàn mẹ́ta ò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Baba Aláago ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ojú rẹ̀ rí roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa, bó bá rẹ́rìn-ín, ẹyinjú méjèèjì á sá pamọ́ sínú ẹran. Ọdún méjì sẹ́yìn ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún kí o tó jẹun tán. Ṣùgbọ́n gbé aago tó bàjẹ́ lé e lọ́wọ́, wàá rí i pé ọwọ́ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo iṣẹ́ fínnífínní.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi wọ balùwẹ̀. Kó tó jáde, ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá ti lọ. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ tó wọ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Mo pe dókítà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbìyànjú kí ẹ rí i kó tó di ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ bàbá yẹn kì í ṣe èyí tí à ń fi ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́." Dókítà tó bá ń bẹ̀ mí, ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọjọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀, ojú kọ̀ǹpútà mi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìyà yìí ti wá.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Bàbá tó sọnù, ọ̀gá wa ra mọ́nítọ̀ tuntun fún mi. Ti àtijọ́ kò fẹ̀, kò sì ga, ó kàn jókòó ṣùbú bí àpótí. Tuntun yìí fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo tábìlì mi. Ọkùnrin tó máa ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, Injiníà ni à ń pè é, ló wá so ó. Nígbà tó tan iná sí i, gbogbo lẹ́tà kéré bí èèrà.

"Kí lèyí?" mo bi í. "Ṣé kí n máa kàwé ni àbí kí n máa ṣa ìyẹ̀pẹ̀?"

Injiníà kì í bá ènìyàn jà. Ó ní, "Ọ̀gá, ojú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní iye àmì kéékèèké tó fi ń ya àwòrán, níbùú àti lóròó. Òun ni wọ́n ń pè ní rẹsolúṣọ̀n. Mo ti fi èyí tó bá a mu sí i. Bí lẹ́tà bá kéré jù, ọ̀nà wà tí mo lè gbà mú lẹ́tà nìkan tóbi. Ẹ ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ẹ má fọwọ́ kan iye yẹn."

Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, kó máa lọ. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú àtẹ̀gùn tí mo ti ṣí ibi tí wọ́n ń yí i. Ọ̀wọ́ iye ló tò síbẹ̀. Mo wò wọ́n títí mo fi rí èyí tí mo mọ̀ láti orí mọ́nítọ̀ àtijọ́: 1024 níbùú, 768 lóròó. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà di ńlá. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, ṣebí ojú tèmi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ojú Injiníà.

Ohun kan ṣáà ni. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mi ló sanra lójú mi. Mo ní bóyá fóònù ayé ìsinsìnyí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wá ni àǹfààní Ojú Àwòdì? Mo máa ń di fọ́tò náà mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí n fún un wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ojú á fi jókòó bó ṣe yẹ. Àwọn oníbàárà ò ráhùn. Obìnrin kan gba káàdì rẹ̀, ó wò ó, ó ké: "Yéè! Ta ló bá mi gbé ikùn mi lọ? Ọlọ́run má jẹ́ kó dá a padà o!" Ó tún rán ọ̀rẹ́ méjì sí mi. Èmi náà ń yan.

Ní Ọjọ́rú, tí Bàbá ti sun ìta mọ́jú ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú mọ́nítọ̀ yẹn láti ṣe pósítà tí a máa fi wá a. Fọ́tò tí ìyàwó mi yà fún un nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo lò. Bàbá dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, aago ńlá ara ògiri wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Aago náà ni kò gbà láti tà fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Lójú mọ́nítọ̀, ojú bàbá mi fẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Mo ní rárá o, èyí kọ́ ni bàbá mi. Mo di fọ́tò mú ní ẹ̀gbẹ́, mo fún un wọlé, mo tún fún un wọlé. Lójijì, ó dé! Bàbá mi ló jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú àtisọ ọ́. Mo kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé Ẹ BÁ WA WÁ BÀBÁ WA, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n tẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti ìyàwó mi ń lẹ̀ ẹ́ kiri. Ògiri ilé ìwé, ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ilé oògùn, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Mo rántí pé ìyàwó mi gbé ọ̀kan sókè sí iná, ó ní, "Bàbá mà rù níbí o." Mo jágbe mọ́ ọn: "Ẹni tí ò jẹun tí ò sùn ló ń wo pósítà, kí ni o fẹ́ rí?" Ó ń bá mi po gúlù lọ. Ara mi ò rọ̀ rárá. Gbogbo bàbá arúgbó tó bá kọjá ni mò ń sáré bá.

Fóònù dún ní Ọjọ́bọ̀. Ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní bàbá tó wà lórí pósítà wa wà lọ́dọ̀ wọn. Mo fò bọ́ sínú ọkọ̀, mi ò wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tán. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, bàbá kan tó gbẹ bí igi ìdáná ló dùbúlẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo jáde. Lọ́sàn-án, ẹlòmíì tún pè. Òun náà ti rí i. Bàbá gígùn kan, àgbọ̀n rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Mo pariwo mọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí. "Ṣé ẹ ò lójú ni? Ṣé bàbá tó wà lórí pósítà ló jọ eléyìí?"

Ọkùnrin náà wo bàbá náà, ó wo pósítà ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó jọ ọ́ lójú tèmi."

Mi ò sùn lóru yẹn. Òjò rọ̀. Bí òjò ṣe ń lu páànù ló ń lù mí láyà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Òun ni àkọ́bí Bàbá, ọ̀nà jíjìn ló ń gbé. Télọ̀ ni, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyàwó mi máa ń sọ pé bóyá ó ń fi sùn. Kò kọ́kọ́ dé ilé. Ibi iṣẹ́ mi ló gbà lọ tààrà, ó gun àtẹ̀gùn, ó já wọlé pẹ̀lú pósítà kan tó já lára ògiri.

Mo dìde láti kí i. Ó na pósítà náà sí mi lójú.

"Ta ni o lẹ̀ mọ́ ògiri kiri?" ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Bàbá ni."

"Bàbá ta ni?"

Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ò sí ńlé. Èmi ni mò ń sáré láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá fẹ́ wá wá àṣìṣe iṣẹ́ mi…"

"Dákẹ́. Mo rí eléyìí níbi tí mo ti sọ̀ nínú ọkọ̀. Mo kọjá lára rẹ̀. Ṣé o gbọ́? Èmi ọmọ rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, mo ní ẹ wo àwọn wọ̀nyí, àwọn náà ń wá bàbá tiwọn. Ọrùn mi ni mo tún yí padà tí mo fi rí aago." Ó na ìka sí ẹ̀yìn orí Bàbá. "Aago yìí ni mo dá mọ̀, mi ò dá Bàbá mọ̀. Wò ó. Ìgbà wo ni aago Bàbá di ẹyin?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ó ga, ó sì há ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì gbà. Mo fà á wá síwájú mọ́nítọ̀.

"Ẹ wá wò ó níbí. Ojúlówó rẹ̀ rèé. Ṣé eléyìí náà ẹyin ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Aago rí roboto. Ojú Bàbá sì pé, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé pósítà sí ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀, ó wo eléyìí, ó wo ìyẹn. Ó wá fa téèpù yọ lọ́rùn.

Ó wọn aago orí ìwé. Íńṣì mẹ́rin lóròó, mẹ́ta níbùú. Ó wọn ti ojú mọ́nítọ̀. Íńṣì márùn-ún lóròó, márùn-ún níbùú.

"Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́," ó ní.

"Ìwé ni," mo ní. "Ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Mo máa pa á lónìí!" Mo ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Padà wá jókòó. Fi Bàbá sílẹ̀ ná. Ya nǹkan tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, ohun tí ìwọ àtèmi ò ní fi ojú ìfẹ́ wò. Ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba."

Mo yà á. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé íńṣì mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ téèpù sí ojú mọ́nítọ̀ lóròó: mẹ́ta. Ó tẹ́ ẹ níbùú. Ó kàn di téèpù mú síbẹ̀ kí n fi ojú ara mi kà á. Mẹ́rin ni.

Mo gbọ́ ohùn Injiníà létí mi pé, ẹ má fọwọ́ kan iye yẹn. Àṣé mọ́nítọ̀ yìí ló ń fa gbogbo nǹkan fẹ̀, tí èmi sì ń fún àwọn ènìyàn wọlé kí wọ́n lè bá irọ́ rẹ̀ mu. Bàbá mi kò sanra. Mọ́nítọ̀ ló fẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, Ojú Àwòdì kò rí iwájú ara rẹ̀.

Mo ṣí ibi tí wọ́n ń yí iye náà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan pé òun ni ó yẹ. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀, lẹ́tà sì di èèrà padà. Àárín gbogbo èèrà yẹn ni bàbá kan ti yọjú sí mi. Àgbọ̀n rẹ̀ gùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ́ sínú. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Òun ni gbogbo ìlú ti ń wò láti ọjọ́ méjì.

Àpótí kékeré kan yọ síwájú rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: "Ó ní ṣé kó dúró bẹ́ẹ̀, àbí kó padà. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí."

Ọwọ́ mi kọ̀. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ó kà á tán, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, ó sì dá bàbá mi padà fún mi, roboto, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́tà tóbi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìṣẹ́jú kan péré, inú mi dùn láti rí i.

"Irọ́ ni," ẹ̀gbọ́n mi sọ jẹ́jẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Ọjọ́ kẹrin lónìí. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Mo wá di fọ́tò Bàbá mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fà á jáde padà síbi tó wà kí n tó fọwọ́ kàn án. Aago là, ó di roboto. Ojú rẹ̀ là. Ẹ̀gbọ́n mi wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì. A ò dúró de ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi ló tẹ ogún jáde. A gbé gúlù, ẹ̀gbọ́n mi ju oògùn Bàbá, tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti ike omi sínú báàgì rẹ̀, a bọ́ sóde.

Ògiri kẹta tí a dé ni ti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Mo rántí ibi tí mo lẹ pósítà mọ́ dáadáa, òkè bẹ́ǹṣì táwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú gúlù nìkan ló kù. Mo figbe ta. Mo ní ta ló já a, ta ni ọmọ burúkú tó já a? Obìnrin tó ni ibẹ̀ jáde wá pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì léjìká. Kó tó dáhùn, ojú rẹ̀ bọ́ sára pósítà tuntun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Háà!" ó ní. "Bàbá wa rèé!"

Ẹ̀gbọ́n mi di apá rẹ̀ mú. "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹni tó jókòó síbí láàárọ̀ àná títí ilẹ̀ fi ṣú! Mo ṣebí ó ń dúró de mọ́tò ni. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbí, mọ́tò ló ń dúró dè. Nígbà tí a fẹ́ pa ibi iṣẹ́ dé, mo bi í pé, Bàbá, mọ́tò yín dà? Ó ní kò sí mọ́tò, pé ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun. A bi í lórúkọ, ó ní ká máa pe òun ní Bàbá. Òjò dé, ọlọ́dẹ wa ní kó sùn lọ́dọ̀ òun nínú àgọ́. Ó jẹ búrẹ́dì. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Ṣùgbọ́n pósítà wà níbí!" mo pariwo. "Òkè orí rẹ̀ gan-an ló wà!"

"Ọ̀gá, ẹ má pariwo mọ́ mi." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bàbá olójú gígùn ló wà lórí ìyẹn. A tiẹ̀ bi Bàbá pé ṣé ẹ mọ bàbá tí wọ́n ń wá yìí? Ó dìde, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jìyà. Láàárọ̀ òní, ó rọra ṣí i kúrò lára ògiri, ó ká a mọ́wọ́. Ó ní òun ń lọ bá wọn wá a."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì gbé mi dìde bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. "Ọ̀nà wo ló gbà?" ó bi obìnrin náà. Ó na ọwọ́ sí títì ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré.

A sáré. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá tẹ fèrè, mo máa ń dijú. Ní ìgun títì, a na pósítà tuntun sí ọkùnrin tó ń ran bàtà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá yẹn kọjá, ó ń fi ìwé kan han àwọn ènìyàn. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ní òun náà rí i, pé ó bi òun bóyá òun ti rí ẹni inú ìwé, ó sì kí òun pé ẹ kú ìdúró. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré. Oòrùn ti ń wọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan la ti rí i. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú. Ó gbé pósítà mi sí àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dojú kọ àwọn tó ń kọjá.

Mo dé iwájú rẹ̀. Ó wò mí. Ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ti rí bàbá yìí? Wọ́n ń wá a nílé."

Bàbá mi kò fi ẹ̀yin pè mí rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Bàbá, àwa la ń wá a," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìnira." Ó dorí kodò wo pósítà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó di ojú tó fi máa ń wo iṣẹ́. "Ṣùgbọ́n ta ló ṣe aago yìí? Ẹ wò ó. Bí ọwọ́ gígùn rẹ̀ bá yí dé ẹ̀gbẹ́ ibí, á gbá ara rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ènìyàn á kàn máa wò ó, á rò pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Bàbá," mo ní. "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó wò mí pẹ́. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó ní hùn-ún, bí ẹni tí kò gbà. Mo na pósítà tuntun sí i. Ó gbà á. Ó fi ìka tọ etí aago náà yí ká, láti òkè, gba ẹ̀gbẹ́, títí ìka fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ìka rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ojú tó wà níwájú aago, ó dúró síbẹ̀.

"Eléyìí, mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ní ọmọkùnrin kan, onínúfùfù ni. Ọmọ yẹn ló ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ó kàn ń pẹ́ ni."

"Ó ti dé, Bàbá," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ike omi. Mo di Bàbá mú léjìká, ó la ẹnu, ó sì gbé oògùn náà mì.